Kóòdù Tó Ṣeé Tú Wò

 

Àwọn ọmọ wa tó ń kọ sọ́fítíwéà ni ọ̀rọ̀ òní dá lé. Sọ́fítíwéà ni àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ń tẹ̀ lé kó tó lè ṣe ohunkóhun. Kóòdù ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ láti fi pa àwọn àṣẹ náà. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ni èyí tí ilé-iṣẹ́ kọ, tó sì kó kóòdù rẹ̀ pa mọ́: ẹ ó san owó, ẹ ó máa lò ó, ṣùgbọ́n ẹ ò ní í rí inú rẹ̀, ẹ ò sì láṣẹ láti tún un ṣe. Èkejì ni wọ́n ń pè ní open source. Kóòdù tiẹ̀ wà ní gbangba. Ẹni tó bá wù lè kà á, kó dà á kọ, kó yí i padà, kó sì tún fún ẹlòmíràn.

Àwọn òbí máa ń béèrè pé kí ló dé tí ọmọ tó kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi máa ń fi sọ́fítíwéà àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sílẹ̀, táá lọ máa kọ́ iṣẹ́ sórí èyí tí kò ní ọ̀gá kan pàtó. Ọ̀pọ̀ ti dá ara wọn lóhùn pé nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Mi ò ní parọ́, ọ̀fẹ́ dùn. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá jókòó ti àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun, owó kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń dárúkọ. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Tó bá bàjẹ́, mo lè tú u wò."

Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ ìlú wa ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Òṣogbo ń lo pírógíráàmù kan láti tọ́jú orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti owó tí wọ́n ń dá. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tẹ "Iléṣà" sí àyè àdírẹ́sì, ó fi pa mọ́. Nígbà tó padà ṣí i, "Ilé?à" ló bá níbẹ̀. Ó tẹ "Òṣogbo", ó di "Ò?ogbo". Ó wá tẹ "Ọ̀ṣun": àmì ìbéèrè mẹ́ta ló tò síwájú, u àti n nìkan ló kù lẹ́yìn wọn. Akọ̀wé rò pé òun ló ṣi bọ́tìnnì tẹ̀. Kò ṣi nǹkan kan tẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ irú pírógíráàmù bẹ́ẹ̀, àpótí tí wọ́n ń kó orúkọ sí ni èyí tí wọ́n ń pè ní MySQL. Ilé-iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Sweden ló kọ́kọ́ gbé e jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ẹ̀dà 8.0 fi dé ní 2018, bí ẹni tó ń lo MySQL kò bá sọ fún un pé kó ṣe òmíràn, àtòjọ lẹ́tà kan tó ń jẹ́ latin1 ló máa ń lò. Lẹ́tà àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ló kún inú àtòjọ yẹn. Ò wà níbẹ̀, é wà níbẹ̀, à náà wà níbẹ̀, torí pé àwọn Faransé àti àwọn ará Ítálì ń lo irú wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ṣ, kò sí ẹ, kò sí ọ. Lẹ́tà tí kò bá ti sí nínú àtòjọ, àmì ìbéèrè ló sábà máa ń fi dípò rẹ̀. Kódà, ìlànà tó fi ń to orúkọ tẹ̀ léra wọn ń jẹ́ latin1_swedish_ci. Ẹ wò ó, orúkọ àwọn ará Sweden jókòó jẹ́ẹ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Òṣogbo, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

Kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ẹni tó wà ní Sweden kọ́kọ́ ro ti ará ilé rẹ̀ ni. Ìbéèrè tó kù ni pé ta ló lè tún un ṣe. Bó bá jẹ́ pírógíráàmù tí wọ́n kó kóòdù rẹ̀ pa mọ́ ni ẹgbẹ́ náà rà, akọ̀wé á kọ̀wé sí ẹni tó tà á. Ẹni yẹn á dáhùn, ó lè máà dáhùn. Ó lè ní kí wọ́n san owó sí i. Ó sì lè sọ pé, "Ẹ ṣáà máa kọ Ilesa, kò kúkú sẹ́ni tí kò ní mọ̀." A ti gbọ́ irú èsì bẹ́ẹ̀ rí, ó sì máa ń dunni.

Bó bá jẹ́ pé kóòdù pírógíráàmù náà wà ní gbangba ńkọ́? Wọn á pe ọmọkùnrin tàbí ọmọbìnrin kan tó mọ iṣẹ́. Yóò ṣí fáìlì tí wọ́n ti ṣe àpótí náà, yóò rí latin1 níbẹ̀, yóò pa á rẹ́, yóò fi utf8mb4 dípò rẹ̀. Ìyẹn ni àtòjọ tó gba lẹ́tà gbogbo èdè tí kọ̀ǹpútà mọ̀. Àwọn orúkọ tó ti di àmì ìbéèrè tẹ́lẹ̀ kò ní padà wá fúnra wọn, ẹnì kan ní láti jókòó tún wọn tẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lọ, Iléṣà á máa jẹ́ Iléṣà. Bí ọmọ náà bá wá fi àtúnṣe yẹn ránṣẹ́ sí àwọn tó ni pírógíráàmù, tí wọ́n gbà á wọlé, ará Vietnam tó ń lò ó lọ́hùn-ún jàǹfààní rẹ̀, torí pé àwọn náà ń fi àmì sísàlẹ̀ ẹ àti ọ nínú èdè tiwọn. Bí ọjà yìí ṣe ń ná nìyẹn: ìyà tó jẹ ẹnì kan ló ń di ìrọ̀rùn ẹlòmíràn tí kò mọ̀ rí.

Ìbínú lórí irú nǹkan báyìí ló bí gbogbo rẹ̀. Ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ọdún 1980, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Richard Stallman. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò jìnnà sí àwọn tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, ìwé sì máa ń há sí i lọ́fun. Ẹni tó fiṣẹ́ ránṣẹ́ á rìn lọ, á bá a níbi tó ti dúró gbagidi. Stallman ti tún kóòdù ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ṣe, débi pé bí ìwé bá há, ẹ̀rọ náà á fi ìsọfúnni ránṣẹ́ sí àwọn tó ń dúró dè é. Nígbà tí Xerox fún wọn ní ẹ̀rọ tuntun, ó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ sí i. Kóòdù ò sí. Ó lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì Carnegie Mellon tó ní kóòdù náà lọ́wọ́. Ọkùnrin yẹn ní òun ò lè fún un, òun ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun ò ní fi han ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà ká Stallman lára gan-an. Ní oṣù kẹsàn-án 1983, ó kéde pé òun máa kọ odindi ètò kọ̀ǹpútà kan tó máa wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ènìyàn, ó pè é ní GNU. Ní 1991, ọmọ yunifásítì kan ní Helsinki, Linus Torvalds, ẹni ọdún 21, gbé Linux jáde, èyí tó di ọkàn irú ètò bẹ́ẹ̀. Orúkọ náà, open source, ọdún 1998 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a.

Ṣùgbọ́n kó tó di 1998 yẹn ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti dé agbègbè wa.

Ní 1989, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn rẹ̀ dara pọ̀ mọ́ Yunifásítì Kuopio ní Finland, kí wọ́n lè kọ sọ́fítíwéà tí yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀ṣà mọ̀ pé ilé ìwòsàn yẹn kò mọ sí Ifẹ̀ nìkan. Wesley Guild tó wà ní Iléṣà wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sì ti mú ìyá rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ń kó fáìlì sí ní ilé ìwòsàn ìjọba kankan ní ilẹ̀ yìí mọ ohun tí wọ́n fẹ́ wò sàn. Pẹpẹ onígi tó ga dé àjà, fáìlì tó ti yọ etí, òṣìṣẹ́ tó gun àga, tó ń fi ìka wá nọ́ńbà. Bí káàdì ìyá bá ti sọnù, wọn á ní, "Màmá, ẹ lọ gba òmíràn," ìtàn àìsàn ọdún mẹ́wàá sì dàwátì bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará Ifẹ̀ àti Finland ò bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí ti kọ sọ́fítíwéà tiwọn fún àwọn ilé ìwòsàn wọn, ní èdè kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ MUMPS. Apá kan nínú rẹ̀ ni FileMan, tó ń to àkọsílẹ̀ jọ. Nítorí pé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló kọ ọ́, òfin wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀tọ́ oníǹkan dè é: ti gbogbo ayé ni. Orí irú ìpìlẹ̀ yẹn ni wọ́n kọ́lé lé ní Ifẹ̀.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà. Ní àwọn ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà yẹn, nọ́ńbà ìjọba tí wọ́n ń pè ní Social Security ni wọ́n fi ń dá aláìsàn mọ̀. Níbo la ti fẹ́ rí ìyẹn ní Iléṣà ní 1989? Ìyá tó ti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà wá kò ní nọ́ńbà ìjọba kankan, ó sì lè máà mọ ọdún tí wọ́n bí i. Ohun tó mọ̀ ni pé wọ́n bí òun nígbà tí Ọwá báyìí wà lórí oyè. Bí ẹ bá ra sọ́fítíwéà tí wọ́n kó kóòdù rẹ̀ pa mọ́, tó kọ̀ láti gba aláìsàn wọlé àfi tó bá mú nọ́ńbà àti ọjọ́ ìbí wá, irọ́ ni òṣìṣẹ́ á máa tẹ̀ sí i kó lè jẹ́ kóun ráyè ṣiṣẹ́. Àmọ́ bí kóòdù bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ ó sọ fún un pé kó gba nọ́ńbà ilé ìwòsàn, kó sì gba ọjọ́ orí tí a fojú dá. Iṣẹ́ náà dàgbà, ó di èyí tí wọ́n ń pè ní MINPHIS, ó sì wọ àwọn ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ mìíràn ní Nàìjíríà. Abimbola Soriyan ti Ifẹ̀ àti Mikko Korpela ti Finland wà lára àwọn tó kọ ìwé nípa rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ káàkiri ayé. Lónìí, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú HIV ní Nàìjíríà ń lò ni NMRS. OpenMRS ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Open source ni òun náà, ọdún 2004 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìlú Eldoret ní Kenya sì wà lára ibi tó ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, torí pé a máa ń gbàgbé nǹkan yìí. Iléṣà ti fi irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ fún ayé kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, ń ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild, ó sì ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó ṣe káàdì kan tí wọ́n ń fàmì sí nígbàkigbà tí wọ́n bá wọn ọmọ, kí ìyá àti nọ́ọ̀sì lè fojú rí i bóyá ọmọ ń dàgbà tàbí ó ń rù. Káàdì náà kì í gbé ilé ìwòsàn. Ìyá ló ń mú un lọ sílé, òun ló ń tọ́jú rẹ̀, òun ló sì ń mú un padà wá. Orílẹ̀-èdè lórí orílẹ̀-èdè ló ṣe àdàkọ rẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe bó ṣe bá tiwọn mu. Ní 1965, Morley dá àjọ TALC sílẹ̀ ní Bírítéènì láti máa fi ohun ìkọ́ni olówó pọ́ọ́kú ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ká ní ó ti káàdì yẹn mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, tó ní kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó máa san dọ́là, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni lẹ́yìn òkè Ìmẹ̀sí á mọ̀ pé ó wà.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ owó. Ṣáájú oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí náírà 470 ní báńkì. Kó tó di ìdajì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tó ń san 100 dọ́là lóṣù fún sọ́fítíwéà láti òkè òkun ń wá náírà 47,000 tẹ́lẹ̀; ká tó ṣẹ́jú pẹ́, ó di ohun tó lé ní 150,000. Sọ́fítíwéà ò dára sí i, oníbàárà tó ń lò ó ní Òkè-Fìà kò sì sọ pé òun máa fi kún owó. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kéékèèké ló tibẹ̀ mọ ohun tí àwọn ọmọ tó ń lo Linux, PHP àti PostgreSQL, tí gbogbo wọn jẹ́ open source, ti ń wí tipẹ́.

Àwọn bàbá wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ ọ̀rọ̀ gbèsè dáadáa. Òṣómàáló a gbé aṣọ wá bá ẹ láwìn, tọ́jọ́ bá pé, a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ, kò sì ní dìde àfi tó bá gbowó ẹ̀. Ìtìjú ń bẹ níbẹ̀, kò sírọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti gba owó rẹ̀ tán, ó ti dìde nìyẹn, aṣọ ti di tìrẹ títí ayé. O lè gé e, o lè rán an ní bùbá, o lè fún ọmọ ẹ. Sọ́fítíwéà olówó oṣooṣù tòde òní ń lóṣòó títí láé. Lọ́dún 2013 ni ilé-iṣẹ́ Adobe kéde pé àwọn ò ní máa ta ẹ̀dà tuntun Photoshop, sọ́fítíwéà tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́, kí oníbàárà máa san án lóṣooṣù. Ọjọ́ tó o bá dáwọ́ owó dúró, wọn á gba aṣọ lára ẹ.

Nígbà mìíràn, owó wà lápò, aṣọ náà ṣì máa bọ́. Ní oṣù kẹwàá 2019, Adobe sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Venezuela pé àwọn máa ti àkáǹtì wọn nítorí àṣẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà pa lórí orílẹ̀-èdè náà. Kò pẹ́ tí wọ́n rí ìyọ̀ǹda gbà kí wọ́n lè máa bá a lọ, àmọ́ ẹni tó ń fi Photoshop jẹun ní Caracas ti mọ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan ibi tí okùn ọrùn òun wà. Èyí tó dun àwọn tó ń kọ áàpù fóònù jù ni ti Parse. Parse ń bá wọn tọ́jú détà àwọn tó ń lo áàpù wọn, ó sì rọrùn débi pé ẹgbàágbèje ló gbé iṣẹ́ wọn lé e. Facebook rà á ní 2013. Ní oṣù kìíní 2016, wọ́n ní àwọn máa pa á tì, wọ́n sì fún gbogbo ènìyàn ní ọdún kan kí wọ́n fi kó ẹrù wọn. Ohun tó gba ọ̀pọ̀ là ni pé Facebook gbé kóòdù Parse Server sí gbangba kí wọ́n tó lọ. Ẹni tó bá lágbára gbé e sórí sáfà tirẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú détà fún àwọn mìíràn, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń lọ. Ẹ bá mi ro ó wò: nígbà tí wọ́n ń sin ilé-iṣẹ́ náà, open source ló gba àwọn ọmọ òrukàn tọ́.

Ní ìpínlẹ̀ tiwa níbí, ẹ rántí Ọpọ́n Ìmọ̀. Ní 2013, nígbà ìjọba Gómìnà Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà. Ìwé kíláàsì wà nínú rẹ̀, ìbéèrè WAEC àti ti JAMB àtijọ́ wà nínú rẹ̀. Ifá, Bíbélì àti Kùránì náà wà níbẹ̀, ìyẹn sì dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nígbà náà. Android ni wọ́n gbé e lé. Google ló ń darí Android, kóòdù rẹ̀ ti wà ní gbangba láti 2008, Linux ọmọ Helsinki yẹn ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó fẹ́ ṣe tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá kò ní láti lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó yí ojú Android padà, kó yọ ohun tí kò fẹ́, kó fi ohun tó fẹ́ sí i. Ibi tí mo ti ní ẹjọ́ díẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ nìkan ló ṣí. Ìwé inú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó tẹ̀ wọ́n, ètò tó kó gbogbo rẹ̀ jọ kò sì bọ́ sí gbangba níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀sà-Òkè tàbí Ìréè ti lè máa tún un ṣe bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ohun tí ìjọba kan bá kó pa mọ́, bí ìjọba náà bá ti lọ, ta ni yóò máa mójú tó o? Arẹ́gbẹ́ṣọlá parí sáà rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2018. Kóòdù tó bá wà ní gbangba kì í ní sáà.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n ta ọjà fún yín ju bó ṣe yẹ lọ. Open source ní ìyọnu tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ayé ń lò, ẹnì kan tàbí ẹni méjì ló ń tọ́jú rẹ̀ lálẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn, láìsí owó. Ní Finland, ọkùnrin kan ló ń tọ́jú xz, ohun kékeré kan tó ń ká fáìlì kó lè fúyẹ́, tó sì wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan yọjú, ó ń bá a ṣiṣẹ́, ó mọ iṣẹ́, ó níwà pẹ̀lẹ́. Ó lé ní ọdún méjì tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, títí wọ́n fi fọkàn tán an pátápátá. Ìgbà yẹn ló wá fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan sí i, tí olè lè gbà wọ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé.

Ní oṣù kẹta 2024, Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft tó ń bá wọn kọ PostgreSQL, ń dán nǹkan mìíràn wò. Ó ṣàkíyèsí pé kí òun tó wọ kọ̀ǹpútà kan láti òkèèrè, ó ń pẹ́ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹlòmíràn á ní kó lọ. Freund ò jẹ́ kó lọ. Ó tú u, ó tú u, títí ó fi dórí xz, ó sì kígbe síta ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta. Ilẹ̀kùn ọ̀hún kò tíì dé ọ̀pọ̀ ibi nígbà tí wọ́n tì í. Àwọn kan fi ìtàn yìí bẹnu àtẹ́ lu open source: ẹ ò rí i pé àlejò lásán lè wọlé! Bẹ́ẹ̀ ni, àlejò wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú un kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í ṣe òṣìṣẹ́ xz, Microsoft ò sì rán an níṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó gbà á láyè ni pé kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé, "Ibi tó o dé yìí, o ò lè kọjá ibẹ̀."

Mi ò ní sọ pé kí báńkì náà lọ máa ṣe bíi ti àwọn ọmọ tó ń kọ áàpù. Ọ̀pọ̀ báńkì Nàìjíríà ló ń lo Finacle, ti ilé-iṣẹ́ Infosys ní Íńdíà, wọ́n sì kó kóòdù rẹ̀ pa mọ́. Báńkì fẹ́ ẹni tó lè pè ní aago méjì òru, tó tọwọ́ bọ̀wé, tó ṣeé gbé lọ sí kóòtù. Ìyẹn bójú mu. Ṣùgbọ́n sáfà tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń lò ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, Linux ni. Láti oṣù kọkànlá 2017, gbogbo àwọn kọ̀ǹpútà 500 tó lágbára jù lọ láyé ló ń lò ó. Olówó náà ń jẹun nínú abọ́ yìí, ó kàn ń da aṣọ bò ó ni.

Àwọn ọmọ wa ńkọ́, kí ni tiwọn níbẹ̀? Fún ìgbà pípẹ́, gbígbà là ń gbà. Ó ti ń yí padà. Ní 2018, Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom dá ẹgbẹ́ Open Source Community Africa sílẹ̀, wọ́n sì kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sí Èkó fún àjọ̀dún wọn àkọ́kọ́ ní oṣù kejì 2020. Ní ti èdè wa, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn tó bá a ṣe é gbé ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2015, kóòdù rẹ̀ sì wà níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti gbé iṣẹ́ wọn síta tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà bó ṣe máa dá àmì ohùn padà sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n kọ láìfàmì sí. Kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá tó máa fi ìyẹn ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó máa dìde sí láàárọ̀, torí pé èrè tó wà nínú rẹ̀ kò tó nǹkan lójú wọn. Bí a ò bá ṣe é fúnra wa, àmì ìbéèrè ni Ọ̀ṣun á máa jẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa, ohun kan péré ni kẹ́ ẹ kíyè sí bẹ́ ẹ bá fẹ́ mú kóòdù ẹlòmíràn lò: ẹ wá fáìlì tí wọ́n kọ LICENSE sí, kẹ́ ẹ sì kà á. Bó bá jẹ́ ìwé àṣẹ tó ń jẹ́ MIT ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ lè lò ó bó ṣe wù yín, kódà nínú ohun títà. Kẹ́ ẹ ṣáà fi orúkọ ẹni tó ni ín àti ìwé àṣẹ náà sílẹ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tó ń jẹ́ GPL, tẹ́ ẹ bá wá fi ṣe sọ́fítíwéà tẹ́ ẹ fún ẹlòmíràn tàbí tẹ́ ẹ tà, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ yín rí kóòdù tiyín náà. Bẹ́ ẹ bá sì rí kóòdù tí kò ní ìwé àṣẹ kankan, ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó kọ ọ́ ló ṣì ni gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí i, kẹ́ ẹ tọrọ àyè.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí àwọn tó ni kóòdù, àti ìdí tí wọ́n fi máa ń dá a padà nígbà mìíràn. Ẹ mú bírò dání.